Má Tíì Wá Owó Kíbọ́ọ̀dù Mìíràn

Òdòde, Ìdànrè.

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ láti Akúrẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kíbọ́ọ̀dù géèmù rẹ ti kú lápá kan láti ìgbà tí o ti so ó mọ́ Mac tòkunbọ̀ yẹn: Ctrl pẹ̀lú C kò ṣe àdàkọ mọ́, Alt ń ṣe ohun tí ẹnìkan kò rán an, bọ́tìnnì Windows kò tilẹ̀ dáhùn. O wá ní kí n bá ọ bẹ bàbá rẹ fún owó òmíràn. N kò ní í bẹ̀ ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù rẹ kò kú, owó kòkó tó wà nílẹ̀ sì ní iṣẹ́ tó ń dúró dè é.

Kọ́kọ́ mọ èyí: kíbọ́ọ̀dù kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́. Nínú ìlànà USB, Ctrl, Shift, Alt àti Windows, lọ́tùn-ún lósì, jẹ́ mẹ́jọ, nọ́ńbà wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti 224 dé 231. Alt òsì ni 226, Windows òsì ni 227. Nígbà tí 227 bá dé orí Mac, Command ló ń jẹ́. 226 ń jẹ́ Option. Ọmọbìnrin tí à ń pè lórúkọ nílé bàbá rẹ̀, ìyàwó ni wọ́n ń pè é nílé ọkọ, kò sì tìtorí ìyẹn di ẹlòmíràn. Command pẹ̀lú C ló ń ṣe àdàkọ lórí Mac. Ctrl kò ṣẹ̀ ọ́.

Ti Windows tí kò dáhùn rárá, géèmù ni mo fura sí. Àwọn tó ń ṣe irú kíbọ́ọ̀dù yìí mọ̀ pé bí ìka bá ṣèèṣì kan Windows láàárín ìjà, géèmù á fara pamọ́, kí o tó padà síbẹ̀, wọ́n ti yìnbọn pa ọ́. Wọ́n wá fi ohun tó ń tì í pa sí i. Lórí òmíràn, Fn pẹ̀lú Windows lo máa tẹ̀ papọ̀ láti ṣí i. Lórí òmíràn, bọ́tìnnì kan wà lọ́tọ̀ fún un. Inú kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni títì yìí sábà máa ń wà, ìdí nìyẹn tó fi lè tẹ̀ lé ọ dé orí Mac. Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Má sì wá Fn káàkiri inú ètò Mac: lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù báyìí, títẹ̀ rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ó ku ipò àwọn bọ́tìnnì náà. Lọ́wọ́ òsì tìrẹ, Ctrl, Windows, Alt ni wọ́n tò tẹ̀ léra. Ti Apple ni Control, Option, Command. Lọ sí System Settings, wọ Keyboard, lẹ́yìn náà Keyboard Shortcuts, kí o tẹ Modifier Keys. Lókè ibẹ̀, yan kíbọ́ọ̀dù géèmù náà lórúkọ. Àìyàn yìí ló ń kó àwọn oníbàárà mi sí wàhálà: wọ́n á yí ti ara láptọ́ọ̀pù padà, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Fi Command sí ipò Option, fi Option sí ipò Command. Alt rẹ á di Command, Windows á di Option.

Option yìí gan-an ló jẹ mí lógún. O ti ṣèlérí pé ìwọ lo máa tẹ ìtàn tí màmá àgbà sọ, bí àwọn ènìyàn wa ṣe ṣí kúrò lórí òkè wá tẹ̀dó sí Òdòde. N kò fẹ́ ìtàn Ìdànrè tí kò ní àmì. Fi ABC – Extended kún àwọn kíbọ́ọ̀dù inú ètò náà: Option pẹ̀lú x, lẹ́yìn náà o, á fún ọ ní ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ àti ṣ. Àmì orí ọ̀ fẹ́ ìgbésẹ̀ kan sí i, mà á fi hàn ọ́. Má sì fojú kéré rẹ̀. LANCOR, ilé-iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin tó ní Shift mẹ́rin kí àwọn èdè wa lè rí àmì wọn kọ. Ní 2007, wọ́n pe ètò One Laptop Per Child lẹ́jọ́ ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù. Nítorí bọ́tìnnì, àbí o ò rí nǹkan!

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o lọ fi Linux sórí Mac náà kò burú. GNOME Tweaks náà lè pààrọ̀ Alt àti Windows. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sudo, tí ìwọ àti òun kò lè túmọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Bí Windows kò bá tíì dáhùn, gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi. Mú ojú ìwé àkọ́kọ́ ìtàn náà dání, màmá àgbà ti ń béèrè.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.