Ohun Tí Ó Yẹ Kí Obìnrin Jẹ Kí Ó Tó Lóyún

Ẹ̀kọ́ wa dá lórí fólétì, pàápàá fún ẹni tí ara rẹ̀ kì í lò ó tó bí ti ẹlòmíràn.

1. Kí ni fólétì? Fítámìn tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ewé ni a ti mú orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọsàn. Omi gbígbóná a máa fọ̀ ọ́ lọ; nítorí náà, ẹ má ṣe bọ ẹ̀fọ́ pẹ́.

2. Èé ṣe tí a fi ní láti tètè bẹ̀rẹ̀? Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹní tí a ń ká: etí rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Láàárín ọjọ́ 28 tí oyún dúró ni èyí ń parí, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Bí wọn kò bá pàdé, a lè bí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀.

3. Ohun tí a jogún. Jíìnì kan, MTHFR, ń ran ara lọ́wọ́ láti lo fólétì. Ẹni tí ó bá jogún ẹ̀yà rẹ̀ tí kò lágbára tó láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, fólétì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa fi nǹkan bí 16 nínú 100 dín. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyàwó. Folic acid ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

4. Ìwọ̀n wo? Microgram 400 lójoojúmọ́, ó kéré tán láti oṣù kan ṣáájú oyún, fún ẹni tí ó ní jíìnì yìí àti ẹni tí kò ní i. Oúnjẹ nìkan kì í sábà tó. Ẹni tí ó ti bí ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ là rí nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991 fi hàn pé milligram 4 lójúmọ́ dín àtúnṣẹlẹ̀ rẹ̀ kù ní nǹkan bí 72 nínú 100. Dókítà ni kí ó kọ èyí fún un.

Nígbà tí a bá ń ra aṣọ ìgbéyàwó fún ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a rántí oògùn kékeré yìí.

Ìbéèrè: (a) Kí nìdí tí kò fi yẹ kí a dúró di ọjọ́ tí a bá lọ forúkọ oyún sílẹ̀? (b) Kí ni ẹ ó sọ fún ìyá ọkọ tí ó ń dá ìyàwó lẹ́bi?