Ta Ni À Ń Bẹ̀rù Lójú Omi?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí gbé wa kọjá Bàdágìrì àti Kùtọ́nù, ó di Grand-Popo ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí odò Mono ti ń wọ inú òkun. Bouche du Roy ni wọ́n ń pe ẹnu odò náà.

Àwọn àlejò a máa wá ṣe ìrìn-àjò afẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ igi ni wọ́n ń wọ̀, ọmọ ìlú tó mọ ojú omi ni yóò sì tù wọ́n gba àárín igi ẹ̀gbà, ìyẹn igi tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè omi bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Abẹ́ gbòǹgbò wọ̀nyí ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí títí yóò fi dàgbà. Akàn ń rìn lórí ẹrẹ̀, lékèélékèé àti oríṣiríṣi ẹyẹ omi bà sórí ẹ̀ka. Ní etí òkun, ìjàpá òkun a máa gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn lóru. Mùsùlùmí tó bá dé ibi tí omi odò ti pàdé omi iyọ̀ yóò rántí Súrátù-Ráhmánì ẹsẹ 19 àti 20, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rán an létí.

Ní ọdún 2017 ni àjọ UNESCO ka agbègbè odò Mono, ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, mọ́ àwọn ibi tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò gba igi lọ́wọ́ àáké. Igi ẹ̀gbà ni wọ́n ń gé fi se iyọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń yan ẹja. Nígbà tó ń pọ̀ jù, àwọn ará ibẹ̀ gbé Zangbeto dìde, ìyẹn orò tí wọ́n fi ìko bò, tó ń ṣọ́ ìlú lóru láàrin àwọn Ègùn. Wọ́n fi sàmì sí apá kan igbó náà pé ẹni tó bá gé igi níbẹ̀ yóò rí ìjà rẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, wọ́n sì fi igi sílẹ̀.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Zangbeto kò lè ṣe ẹnikẹ́ni lóore tàbí níbi, ṣìríkì sì ni bíbọ ọ́. A kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń bẹ̀rù ìko bá lè fi igi sílẹ̀, kí ni ká sọ nípa ẹni tó ń kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ tó tún ń da oògùn apakòkòrò sódò láti fi pẹja? Àtọmọ àtìyá ẹja ló ń pa. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ odò ń mu omi náà, wọ́n sì ń fi ṣe àlùwàlá. Ta ni onítọ̀hún ń bẹ̀rù?

Àwọn kan ní iṣẹ́ òyìnbó tàbí ti abọ̀rìṣà ni dídáàbò bo igi àti ẹyẹ. Irọ́ ni. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ Mọ̀dínà di ilẹ̀ ọ̀wọ̀: a kò gbọ́dọ̀ gé igi rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ lé ẹran ìgbẹ́ rẹ̀. Kò gbé ère kankan síbẹ̀. Àṣẹ ti tó. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Bùhárì, ṣùgbọ́n ilé kéú kì í sábàá dúró níbẹ̀, ìtàn ogun ni wọ́n fẹ́ràn. Súrátùl-Àn'ámù ẹsẹ 38 sì fi yé wa pé ìjọ bíi tiwa ni àwọn ẹranko àti ẹyẹ.

Ǹjẹ́ Mùsùlùmí lè lọ sí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀? Ó lè lọ, kó lọ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun. Kó ka àdúà inú Súrátù-Súkúrúfù ẹsẹ 13 àti 14 bó bá ti wọkọ̀, kó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kó sì dákẹ́ nígbà tí atukọ̀ bá ní kó dákẹ́. Kó tó ṣíkọ̀ ni kó ti sọ fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé òun kò ní fi owó tàbí ọtí sílẹ̀ ní ojúbọ kankan. Bí àkókò ìrun bá ti wọlé, kó kí i ní èbúté. Bó bá bá a lórí omi, tí ìdúró lè dojú ọkọ̀ dé, kó jókòó kí i.