Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu àdá yín jóná

Ní ilẹ̀ Bantè àti Savalou, iṣu ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣe ọdún iṣu tuntun ní Savalou. Kí iṣu tó dé ọjà, àdá ti ṣán igbó, ọkọ́ ti kọ ebè. Àgbẹ̀ tí àdá rẹ̀ kò mú, wàhálà rẹ̀ á pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á kéré.

Òkúta ìpọ́n àti omi díẹ̀ ni àwọn bàbá wa ń lò. Lóde òní, àwọn kan ń gbé àdá lọ fún ẹni tó ní òkúta ìpọ́n tí iná mànàmáná ń yí. Òkúta yìí lè yí ju ìgbà 2,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí irin àti òkúta bá ń ha ara wọn, ooru á jáde. Ẹnu àdá tín-ín-rín, nítorí náà ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbóná.

Ẹ wo àwọ̀ irin náà. Bí ó bá mọ́, tó ń dán, ó dára. Bí ó bá dà bí koríko gbígbẹ, ooru rẹ̀ ti tó nǹkan bí 220 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí ó bá dà bí aró, ó ti tó nǹkan bí 300.

Kí ló burú níbẹ̀? Nígbà tí alágbẹ̀dẹ ń ṣe àdá, ó mú irin pọ́n nínú iná, ó sì rì í bọ omi tàbí epo kí ó lè le. Lẹ́yìn náà, ó tún yá a níná díẹ̀ kí ó má baà máa ṣẹ́. Bí ooru òkúta bá ju ooru ìkẹyìn yìí lọ, irin á rọ̀. Àdá á mú lónìí, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ á fi kú.

Àwọn mìíràn rò pé bí àwọn bá rì ẹnu tó ti dà bí aró bọ omi, yóò tún le. Rárá o. Omi á mú un tutù, ṣùgbọ́n kò lè dá líle rẹ̀ padà. Kí irin tó lè le nínú omi, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ́n yòò nínú iná. Nítorí náà, kí irin tó gbóná jù ni omi wúlò.

Ohun tí a ó ṣe:
1. Ẹ gbé korobá omi sí ìtòsí. Ẹ má da omi sórí ẹ̀rọ. Iná lè gbé yín.
2. Ẹ fi nǹkan bo ojú, kí ẹ̀ta iná má baà wọ̀ ọ́.
3. Ẹ má tẹ àdá mọ́ òkúta. Ẹ máa fà á lọ, fà á bọ̀.
4. Ẹ máa rì í bọ omi léraléra, kí ó tó gbóná ju ohun tí ọwọ́ lè gbà.
5. Bí ó bá ti dà bí aró, ẹ fi òkúta ọwọ́ àti omi pọ́n ibẹ̀ kúrò, tàbí kí ẹ gbé e padà fún alágbẹ̀dẹ.

Bí ẹlòmíràn ló ń bá yín pọ́n ọn, ẹ bi í pé: "Ọ̀gá, omi dà?" Kì í ṣe àrífín. Owó yín ló wà nínú àdá náà.

Ìbéèrè
1. Apá wo lára àdá ló máa ń kọ́kọ́ gbóná? Kí ló fà á?
2. Kí ni àwọ̀ aró ń sọ fún wa?
3. Kí ló dé tí omi kò fi lè dá líle irin padà?
4. Ẹ mú àdá kan wá sí kíláàsì. Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Kí ni ẹ rí?