Ẹ Gbọ́ Ẹjọ́ Aláǹtakùn Kí Ẹ Tó Dá A Lẹ́bi

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aláǹtakùn ló jẹ́ kó wọ̀ mí létí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Màkún, ní Ṣágámù, jí láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, ó bá ìlà pupa lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni pé irin gbígbóná ló fà á síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ti lé ròrò, ó ń ta á bí ata. Gbogbo ilé fẹnu kò pé aláǹtakùn ló tọ̀ sí i lára. Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n gbá jànkárìwọ̀ gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n sì pa gbogbo aláǹtakùn tí wọ́n rí. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọ rẹ̀ náà jí pẹ̀lú irú egbò yẹn nínú ìgúnpá, níbi tí apá ti ń ká. Egbò òkè àti ti ìsàlẹ̀ jọra bí ìbejì.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn kò lẹ́sẹ̀ mẹ́jọ bí aláǹtakùn, mẹ́fà péré ló ní. Kòkòrò kékeré kan ni, gígùn rẹ̀ bí hóró ìrẹsì, tó jọ èèrà. Orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pọ́n bí epo, ìyẹ́ kúkúrú ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aró, ikùn rẹ̀ tún pọ́n, ìdí rẹ̀ wá dúdú. Bí nǹkan bá kàn án, a gbé ìdí sókè bí àkekèé. Paederus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà wọ́n ń pè é ní eṣinṣin Nàìróbì, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eṣinṣin. Kì í bunijẹ, kì í tani. Oró kan tó ń jẹ́ pederin ló wà nínú ara rẹ̀, àfi bí a bá gbá a mọ́ ara wa, tàbí tí a sùn lé e, ni oró náà tó tú síta. Egbò rẹ̀ kì í sì í yọ lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí 24 sí 48. Nígbà náà kòkòrò ti lọ, aláǹtakùn nìkan ló kù lára ògiri, òun ni a sì ń dì mú.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Iná funfun tí a ń tàn lókè ibùsùn mọ́jú ló ń pè é wọlé láti inú koríko tútù àti àbàtà. Ẹ pa iná náà kí ẹ tó sùn, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, kí ẹ sì gbọn aṣọ ibùsùn. Bí ẹ bá rí kòkòrò náà lára yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbá a. Ẹ fẹ́ ẹ dànù, tàbí kí ẹ fi ìwé gbé e kúrò, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ yẹn kan ojú.

Ṣé aláǹtakùn wá mọ́ látòkè délẹ̀ ni? Rárá o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní oró, òun ni wọ́n fi ń pa ẹran wọn. Ṣùgbọ́n nínú irú aláǹtakùn tó lé ní 50,000 tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀, ìwọ̀nba ló lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Àwọn àgbà ti kíyè sí ìwà rẹ̀ tipẹ́: aláǹtakùn, bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára. Kì í léni kiri. Èyí tó fẹ̀ pẹrẹsẹ, tó ń sáré lára ògiri, tó ń bà wá lẹ́rù jù, aáyán ló ń lé. Abo rẹ̀ a máa gbé àpò ẹyin rẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ ara kiri. Èyí tó ń fò kéékèèké ń pa ẹ̀fọn. Ní etí adágún Victoria ní Kẹ́ńyà, irú rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ló fẹ́ràn jù.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni aláǹtakùn aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní àmì pupa rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ ikùn, tí àpò ẹyin rẹ̀ rí róbótó, tó sì hu ẹ̀gún ṣóṣóró yíká. Abẹ́ àga oníke, etí ike òfìfo àti ìkòkò tí a ti pa tì ni irú rẹ̀ fẹ́ràn. Kí ẹ yí àga dojú dé kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gun ọ̀pẹ pẹ̀lú, aláǹtakùn onírun ńlá kan wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ń gbé orí ọ̀pẹ, ìbunijẹ rẹ̀ sì máa ń dunni gidi.

Àkekèé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù fún mi. Àkekèé kò ṣe é dì níbò. Èyí tó dúdú, tó tóbi, tí ẹ̀mú rẹ̀ nípọn, oró rẹ̀ kì í sábà le. Èyí tó tín-ín-rín ní ẹ̀mú, tí ìrù rẹ̀ wá nípọn, òun ni kí ẹ bẹ̀rù. Abẹ́ búlọ́ọ̀kù àti pákó tí a kó kalẹ̀ de ilé tí a ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ ló máa ń wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣa obì ní oko Ìkẹ́nnẹ́, igi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi tú ewé gbígbẹ, kì í ṣe ọwọ́. Iná elésè àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò, bí ẹ bá tàn án sí òkìtì búlọ́ọ̀kù lálẹ́, àkekèé á tàn yòò níbẹ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ojú sísán, kí ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ gbé igi ìdáná jìnnà sí ògiri. Ẹ má da oògùn apakòkòrò dichlorvos sí yàrá ọmọ. Ó burú débi pé àjọ NAFDAC fòfin de èyí tó wà nínú ìgò kékeré ní 2019.

Bí àkekèé bá ta ọmọdé, tó ń làágùn, tó ń da itọ́, tó ń bì tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dì í. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti pààrọ̀ gílóòbù àgbàlá rẹ̀ sí èyí tó pọ́n bí òféèfèé, tí kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ bò. Aláǹtakùn kan ta sí igun fèrèsé rẹ̀ báyìí, ó sì ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.