Ẹ̀KỌ́ WA: Ẹ MÁ TA Ẹ̀TỌ́ YÍN SÍ Ẹ̀BÁ TÍTÌ

Ojú ọ̀nà ni oúnjẹ púpọ̀ nínú wa wà: ẹni tí ń kó ata lọ sọ́jà, ẹni tí ń kó kòkó wọ ìlú, ẹni tí ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. A kò gbàdúrà ìjàǹbá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹni tí ó farapa yóò ṣe kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ má baà sọnù.

Ká sọ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan kọlu ìyá aláta kan létí títì. Ìyá dìde, ó gbọn eruku nù, ó ní kò ṣe òun ní nǹkan púpọ̀. Awakọ̀ bẹ̀bẹ̀, àwọn èrò bá a bẹ̀bẹ̀. Ó fún ìyá ní N20,000, ìyá sì tẹ̀ka sí ìwé pé òun kò ní ẹjọ́ kankan mọ́. Ní ọjọ́ kẹta ni itan wú. Dókítà ní egungun ti sán. Fún oṣù mẹ́rin, ìyá kò lè dé ọjà. Owó ọjọ́sí ti tán, ìwé tí ó tẹ̀ka sí ni wọn yóò sì gbé jáde bí ó bá tún béèrè.

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí: ẹ má gba owó ìparí ọ̀rọ̀, ẹ má sì tẹ̀ka sí ìwé kankan, kí dókítà tó sọ bí ara ṣe rí.

Àwọn kan a máa wí pé, “Awakọ̀ kò lówó, kí ni n óò rí gbà?” Láti ọdún 1950 ni òfin Nàìjíríà ti sọ ìnṣọ́ránsì di dandan fún ọkọ̀, nítorí ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà lè ṣe léṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó ti ọkọ̀ aládàáni kúrò ní N5,000, ó di N15,000 lọ́dún. Bí a bá fi hàn pé awakọ̀ ni ó jẹ̀bi, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni ó yẹ kí ó san owó gbà-má-bínú. Ṣùgbọ́n wọn kì í sanwó fún ẹnu lásán. Ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè. Nítorí náà:

1. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Òfin ètò ìlera ọdún 2014 kò gbà kí wọ́n lé aláìsàn pàjáwìrì padà. Ẹ sọ gbogbo ibi tí ń dùn yín, kí ẹ sì gba ìwé.

2. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ awakọ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀, àti fóònù ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ ya àwòrán kí wọ́n tó wọ́ ọkọ̀ kúrò.

3. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Ohun tí ẹ rí nìkan ni kí ẹ sọ. Ẹ má fi ìpayà gba ẹ̀bi.

4. Ẹ pa rìsíìtì mọ́, títí kan ti owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Káàdì ìdáwó yín nínú ẹgbẹ́ pàápàá lè jẹ́rìí pé ẹ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ìjàǹbá tó dé.

5. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ lọ. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún mẹ́ta ni òfin fún ẹni tí ó farapa láti pẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ó kọlù yín, oṣù mẹ́ta péré lè ni. Ẹ tètè rí lọ́yà. Ẹni tí kò lágbára rẹ̀ lè lọ sí Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ fún irú wọn.

A mọ̀ pé ebi ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀ka. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi jẹun àti láti fi ra oògùn sàn ju ẹ̀tọ́ tí a tà ní ẹ̀bá títì lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Ta ni ẹgbẹ́ wa yóò rán lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó farapa? Báwo ni ẹ̀yáwó pàjáwìrì wa ṣe lè tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́?