Àpótí Ìmọ̀: Onímọ̀ Ọkàn Ẹ̀dá Láàrin Àwọn Alátọ̀gbẹ

Àtọ̀gbẹ kì í ṣe àrùn tí dókítà ń dá wò. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́jú ara rẹ̀ láràárọ̀, lálaalẹ́, tí ó ń gún ìka láti mọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tí ó ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì bí ó bá nílò rẹ̀, tí ó sì ń ṣọ́ gbogbo òkèlè tí ó ń lọ sí ẹnu, títí àárẹ̀ ọkàn yóò fi mú un. Bí ṣúgà rẹ̀ kò bá wálẹ̀, wọn a ní olóríkunkun ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bóyá ọjọ́ tí ṣúgà já wálẹ̀ lójijì, tí òógùn bò ó, tí ojú rẹ̀ sì ṣú, ni ó ń bà á lẹ́rù tí ó fi ń dín abẹ́rẹ́ kù ní ìkọ̀kọ̀.

Irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ ọkàn ẹ̀dá ń wá ní ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ sísọ àti etí tí kì í kánjú ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ó tún lè lo PAID, ìwé ìbéèrè tí a fi ń wọn ìnira ọkàn tí àtọ̀gbẹ ń fà, tí William Polonsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1995. Ó ní ìbéèrè 20, máàkì rẹ̀ sì wà láti 0 dé 100. Ìnira ẹni tí ó bá gba 40 sókè ti wúwo. Ìnira yìí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àìsàn ìsoríkọ́, nítorí náà ni onímọ̀ ọkàn ẹ̀dá fi ní láti mọ èyí tí ó dé bá aláìsàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.