Eré Ìdárayá Ọpọlọ Nínú Ilé: Àǹfààní Rẹ̀ àti Ààlà Rẹ̀



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ènìyàn tó sì fún un ní làákàyè. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sọ̀hábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ohun tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín òbí àti ọmọ: eré orí ẹ̀rọ. Àwọn òbí kan ní iṣẹ́ Èṣù ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti ní eré náà ń jẹ́ kí ọpọlọ jí pépé, kò sí aburú nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lé orí òṣùwọ̀n.

1. Irú eré wo ni?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, ilé iṣẹ́ Nintendo ní Jàpáànù gbé eré kan jáde fún ẹ̀rọ kékeré aláfọwọ́mú tí wọ́n ń pè ní Nintendo DS. Iṣẹ́ Ryuta Kawashima, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Yunifásítì Tohoku ní ìlú Sendai, ni wọ́n gbé eré náà lé. Ní 2006 ó dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ Brain Age, ó sì dé Yúróòpù pẹ̀lú orúkọ Dr Kawashima's Brain Training. Wọn kò ṣe ẹ̀rọ DS mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n irú eré bẹ́ẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ tuntun, ó sì pọ̀ lórí fóònù.

Bí ẹni di ìwé mú ni a ṣe ń di ẹ̀rọ náà mú, a ó sì fi kálàmù kékeré kọ ìdáhùn sójú rẹ̀. Ìṣirò kéékèèké 20 wà tí a gbọ́dọ̀ yára ṣe. Ìwé kíkà sókè wà. Wọn a tún fi àwọ̀ búlúù kọ ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ pupa, kí ènìyàn pe àwọ̀ tí ó rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó kà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò sọ "ọjọ́ orí ọpọlọ" ẹni náà: 20 ló dára jù, 80 ló burú jù. Ènìyàn mẹ́rin lè tọ́jú àkọsílẹ̀ tiwọn sínú eré kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ fi lè jọ máa ṣe é.

2. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń mú ọpọlọ pọ̀ sí i?

Mùsùlùmí kì í gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà láìwádìí. Ní 2010, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Nature gbé ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ ṣe pẹ̀lú ilé iṣẹ́ BBC. Ènìyàn 11,430 ló fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe irú ìdárayá ọpọlọ bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n di ọ̀jáfáfá nínú eré tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi iṣẹ́ mìíràn dán ọpọlọ wọn wò, ìdárayá náà kò hàn níbẹ̀. Ní 2016, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà gbógun ti àwọn tó ni eré Lumosity, nítorí wọ́n ń polówó pé eré wọn ń ranni lọ́wọ́ níléèwé àti níbi iṣẹ́, ó sì ń dènà ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, láìsí ẹ̀rí tó tó. Mílíọ̀nù 2 dọ́là ni wọ́n gbà láti san.

Nítorí náà, bí "ọjọ́ orí ọpọlọ" ẹnìkan bá wálẹ̀ láti 60 sí 35 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, eré náà ló ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ọpọlọ rẹ̀ kò padà di ti ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ yege nínú ìṣirò, ìṣirò ni kí ó kọ́. Ẹni tó fẹ́ kí Àlùkùránì dúró lórí òun, kí ó máa ṣe àtúnkà rẹ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi Àlùkùránì wé ràkúnmí tí a so: bí a kò bá mójú tó o, yóò lọ.

3. Kí wá ni àǹfààní rẹ̀?

Àǹfààní rẹ̀ wà nínú àjọṣe ilé. Nínú hàdíìsì tí Bukhari gbà wá, Ànábì bi àwọn sọ̀hábà léèrè igi kan tí ewé rẹ̀ kì í rẹ̀ dànù, tó sì jọ Mùsùlùmí. Ọkàn wọn lọ sí àwọn igi inú aginjù. Abdullahi ọmọ Umar, tó kéré láàárín wọn, mọ̀ pé igi dàbínù ni, ṣùgbọ́n ojú tì í láti sọ̀rọ̀ níwájú àgbà. Nígbà tí ó sọ fún bàbá rẹ̀ lẹ́yìn náà, Umar ní ìbá dùn mọ́ òun púpọ̀ ká ní ó ti sọ ọ́ jáde.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ànábì fi àlọ́ kọ́ni níwájú tọmọdé tàgbà, bàbá sì fẹ́ kí ọmọ òun fọhùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ tó bá ti ń bá bàbá rẹ̀ ṣe eré tó mọ́, yóò lè bá a sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo nígbà tí ìṣòro bá dé.

Ilé tí kò lówó ẹ̀rọ kò pàdánù nǹkan kan. Ojú ọpọ́n ayò wa, ihò 12 àti ọmọ ayò 48, ń béèrè kíkà àti ìrònú. Àlọ́ àpamọ̀ náà ń bẹ.

4. Ààlà tí a kò gbọdọ̀ rékọjá

(a) Ìrun: bí a bá pèrun, kí a pa á tì. A lè fi eré náà sí ààrin ìrun Alásárì àti Mọ̀ńgàrúbà. Ànábì kò fẹ́ràn ìtàkùrọ̀sọ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì.

(b) Tẹ́tẹ́: bí a bá ní kí ẹni tó fìdí rẹmi san owó fún ẹni tó borí, ó ti di tẹ́tẹ́. Súrà Al-Máídà, aayah 90 àti 91, kọ tẹ́tẹ́ fún wa, ó sì sọ pé Èṣù ń fi í gbin ọ̀tá sí àárín wa.

(d) Ẹ̀fẹ̀ yẹ̀yẹ́: bí ẹ̀rọ bá sọ pé 80 ni ọjọ́ orí ọpọlọ ìyá wa, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò lo irú kálàmù bẹ́ẹ̀ rí kò lè yára bí ọmọdé. Súrà Al-Hujurati, aayah 11, kọ yẹ̀yẹ́ fún wa. Láàárín òbí àti ọmọ, ó tún burú jù.

(e) Àkókò: ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ tó. Bí ẹnìkan bá ń dá ṣe é nínú yàrá títí di òru, ìdí tí a fi gbà á láyè nínú ilé ti tán.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́

1. Báwo ni a ṣe lè mọ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yàtọ̀ sí òótọ́?
2. Kí ló ń dí ọ̀dọ́ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀ níwájú òbí rẹ̀ nílé yín?
3. Eré wo ni ẹ lè jọ ṣe nílé láìná owó?

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí làákàyè wa, kí Ó fi ìfẹ́ sí àárín àwa àti àwọn òbí wa, kí Ó má jẹ́ kí eré gba ìrun lọ́wọ́ wa. Àmín.